Ohun Tó Ń Sú sí Jemilat Lójú

Àárọ̀ Sátidé ni ojú Jemilat tún sú. Kó tó lajú ló ti mọ̀, torí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ń ta á bí ẹni tí ata tà sí lára, ó sì ń yún un wọ ọrùn. Ó rọra dìde kó má baà jí ọkọ rẹ̀, ó lọ dúró níwájú dígí. Ó ti sú jáde wẹẹrẹ, ó pọ́n, ó bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà títí dé abẹ́ etí. Ó bu omi tútù sí i. Omi tútù kò ràn án.

"Jẹ́mí, ṣé ó tún ti dé?" Mọ̀núrù béèrè lórí ibùsùn.

"Ó ti dé."

Ọkọ rẹ̀ dìde, ó fọwọ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ó yí ojú náà síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba fèrèsé wọlé. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ọlọ́run á bá wa mú un kúrò." Jemilat náà ń wo ojú ọkọ rẹ̀, ó ń wá nǹkan kan níbẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò lè dárúkọ.

Wọn ò tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n ti fẹ́ra. Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé nínú agbo ilé àwọn bàbá Mọ̀núrù ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Jemilat ń ta ìbòrí obìnrin ní Ìdúmọ̀tà. Mọ̀núrù ní tirẹ̀ ń kó páàtì jẹnẹrétọ̀ láti Kútọnu. Ọjọ́ Ajé ló máa ń lọ, Ọjọ́bọ̀ ló máa ń dé. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Kì í bá ará ilé jà, kì í sì í pa ìrun jẹ. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún kan ni ọjà rẹ̀ ti gbilẹ̀. Ó gba ṣọ́ọ̀bù kejì, ó ra mọ́tò, ó pààrọ̀ páànù gbogbo agbo ilé. Bí àwọn kan ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni àwọn mìíràn ń bi ara wọn léèrè ibi tí owó náà ti ń wá.

Láàárín ọdún kan náà yẹn ni ojú ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sú.

Ọṣẹ ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Jemilat pa gbogbo ọṣẹ olóòórùn dídùn tì, ó ń fi ọṣẹ dúdú lásán bọ́jú. Ó tún sú. Wọ́n ní edé ni, ó pa edé tì, ó pa ẹja tútù náà mọ́ ọn. Wọ́n ní bóyá ìrọ̀rí ló ní kòkòrò, ó sá gbogbo ìrọ̀rí sóòrùn, ó fi omi gbígbóná fọ aṣọ ibùsùn. Ẹnì kan ní ooru ìbòrí ni, ẹlòmíì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló gbóná. Oníkẹ́míìsì kan lẹ́bàá Ọjà Balógun fún un ní ìpara kan nínú túùbù kékeré. Lọ́jọ́ kejì ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọ tuntun, inú rẹ̀ sì dùn dé orí. Nígbà tó dá ìpara náà dúró, gbogbo rẹ̀ tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tún lọ ra òmíràn. Bó ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn, tí awọ ojú rẹ̀ fi ń fẹ́lẹ́ sí i tí iṣan pupa wẹ́wẹ́ sì ń hàn lábẹ́ rẹ̀.

Taslimah, tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí ti Jemilat ní Ìdúmọ̀tà, ló kọ́kọ́ la ẹnu sọ ọ́. Oníbàárà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ojú Jemilat, ó sì dá ìbòrí tó ti mú dání padà sórí tábìlì bí ẹni pé àrùn wà lára rẹ̀.

"Jemilat, má bínú o," Taslimah ní. "Ọjọ́ wo ni ojú ẹ máa ń sú gan-an?"

"Sátidé. Nígbà míì, Sọ́ńdè."

"Ọkọ ẹ ń kọ́? Ọjọ́ wo ló máa ń wà nílé?"

Jemilat bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìbòrí tí oníbàárà náà fi sílẹ̀.

"Nígbà ààwẹ̀ tó pẹ́ ní Kútọnu, ṣé ó sú?"

"Kò sú."

Taslimah wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ọjà tiẹ̀ ń lọ sókè, ojú tìẹ ń bàjẹ́. Mi ò sọ nǹkan kan o. Ọ̀rẹ́ ẹ ni mí, mi ò sọ nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ náà wọ inú Jemilat, kò jáde mọ́. Ó bínú sí Taslimah, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé òun gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ ló ti ń ṣọ́ ọkọ rẹ̀. Ó rí i pé ní gbogbo àárọ̀ Jímọ̀, kí Mọ̀núrù tó lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó máa ń ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìwẹ̀ pẹ́ kọjá bó ṣe yẹ. Ó rí i pé ó máa ń fọ ilẹ̀ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ kó tó jáde. Lọ́jọ́ kan ó rí àbàwọ́n dúdú kan ní etí kòtò omi, ó fi ẹsẹ̀ rá a, kò kúrò.

Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó lọ sí ọsibítù kan lápá Obalende, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú awọ ara. Dókítà tó bá níbẹ̀ ń jẹ́ Theodora, ọmọ Pópó Àgùdà, obìnrin kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó máa ń yọ awò ojú rẹ̀ bó bá fẹ́ wo nǹkan dáadáa. Ó ní kí Jemilat tú ìbòrí. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́, ó wo inú irun.

"Ṣé oríkèé máa ń ro yín láàárọ̀? Ṣé irun yín ń já?"

"Rárá, Dókítà."

"Bí ẹ bá wà lóòrùn, ṣé ó máa ń pọ̀ sí i?"

"Rárá. Àárọ̀ ni mo máa ń bá a lójú, kí n tó jáde rárá."

"Ó dáa. Àìsàn kan wà tí ara ń tìtorí ẹ̀ bá ara ẹ̀ jà, ó máa ń sú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, á gba orí imú kọjá. Tiyín kò jọ ọ́. Làpálàpá kọ́ rèé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ooru. Oúnjẹ ì bá sì ti hàn níbòmíì lára yín. Ìpara tẹ́ ẹ̀ ń rà yẹn, ẹ má fi kàn án mọ́, òun náà ti ń ba awọ yín jẹ́. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀." Ó fi ìka tọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó tọ abẹ́ etí, ó tọ ọrùn. "Ẹ wò ó. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Nǹkan kan ló ń kan ibí yìí. Apá wo lẹ fi ń sùn?"

"Apá òsì."

"Ta ló ń wà lẹ́yìn yín?"

"Ọkọ mi."

"Kí ló ń fi sára? Lọ́fíńdà, ìpara, nǹkan irùngbọ̀n?"

"Kò fi nǹkan kan sára. Ọṣẹ kan náà la jọ ń lò."

Dókítà Theodora dá awò rẹ̀ padà sójú. "Ẹ lọ wò ó dáadáa. Ìyàwó kì í mọ gbogbo ohun tí ọkọ ń lò. Ohun tẹ́ ẹ bá rí, ẹ mú un wá fún mi."

Ìmọ̀ràn gidi ni dókítà gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Taslimah ló ti dé ṣáájú, òun ló sì gba àyè. Bí Jemilat ṣe ń rìn bọ̀ láti Obalende, ohun kan ṣoṣo tó ń gbọ́ ni pé nǹkan kan ń bẹ lọ́wọ́ ọkọ òun tí òun kò mọ̀, òun náà ló sì ń ba òun lójú jẹ́.

Mọ̀núrù wà ní Kútọnu. Jemilat ti ilẹ̀kùn, ó tú yàrá. Ó tú àpótí, ó tú abẹ́ ibùsùn. Lórí wọ́dírọ́ọ̀bù, lẹ́yìn páálí fìlà, ọwọ́ rẹ̀ ba báàgì aláwọ kékeré kan. Ìgò oògùn kan tí wọ́n ti bó bébà ara rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó kún fún ìyẹ̀fun dúdú. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọnu àtijọ́ kan wà níbẹ̀, irun rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà. Aṣọ funfun kan tí wọ́n ká wà níbẹ̀, òun náà kún fún àbàwọ́n dúdú.

 Jemilat jókòó sílẹ̀, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Obìnrin tó le ni Àlímọ̀t, ìyá rẹ̀. Òun nìkan ló tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láì já ọ̀rọ̀ gbà.

"Dá a padà síbi tó wà," ó ní. "Má jẹ́ kó mọ̀ pé o rí i. Kó dé, kó sinmi. Èmi àti Ṣàíbù ẹ̀gbọ́n ẹ ń bọ̀ ní Sátidé."

"Màámi, bóyá kí n kọ́kọ́ bi wọ́n—"

"Kí o bi ta ni? Ta ló ń bi ejò pé kí ló wà lẹ́nu ẹ̀?"

Mọ̀núrù dé ní Ọjọ́bọ̀. Ó ra búrẹ́dì Kútọnu tí Jemilat fẹ́ràn bọ̀. Jemilat gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un, ó sì rẹ́rìn-ín nígbà tó yẹ kó rẹ́rìn-ín. Ní àárọ̀ Jímọ̀, Mọ̀núrù wọ ilé ìwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Jemilat fi etí sí ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ tí ìgò kan ara ògiri, ó gbọ́ ìró búrọ́ọ̀ṣì, ṣẹ́ẹ́ ṣẹ́ẹ́, lẹ́yìn náà ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ń dúró kó gbọ́ ọfọ̀. Kò gbọ́ ọ. Dípò kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ńṣe ló tún já sí i.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ojú ọ̀tún rẹ̀ kò là mọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú gún ìpéǹpéjú, omi ń sun jáde lára ohun tó sú. Mọ̀núrù rí i, ó sì kígbe. Ó ní kó múra kíá, àwọn ń lọ sí ọsibítù. Ó ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ nígbà tí ohùn kan ké láti ọ̀ọ̀dẹ̀.

"Ìwọ Mọ̀núrù! Jáde síbí!"

Ṣàíbù ni, ẹ̀gbọ́n Jemilat, tó ń ṣiṣẹ́ ní gáréèjì Obalende. Kò pe àna rẹ̀ ní "ìwọ" rí. Àlímọ̀t wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọkùnrin gáréèjì méjì sì dúró sí ẹnu ọ̀nà.

Bí Àlímọ̀t ti fojú kan ọmọ rẹ̀ ló ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Ó ti fẹ́ parí ẹ̀! Ẹ wá wo ojú ọmọ mi o!"

Ilẹ̀kùn gbogbo ní agbo ilé ṣí. Àwọn tó ń fọṣọ fi ọṣẹ sílẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn èèyàn òpópónà wọlé. Ṣàíbù gba aṣọ Mọ̀núrù mú láyà, ó fi í gún ògiri. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin gáréèjì wọ yàrá, ó sì jáde pẹ̀lú báàgì aláwọ náà. Ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí ìyẹ̀fun dúdú àti aṣọ alábàwọ́n, gbogbo wọn sún sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Oògùn owó ni!"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀! Ṣebí mo sọ bẹ́ẹ̀!"

"Ṣé lójijì kọ́ ló gba ṣọ́ọ̀bù kejì?"

Ẹnì kan gbá Mọ̀núrù lẹ́nu, ètè rẹ̀ sì bẹ́. Ó sọ nǹkan kan, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó tún un sọ.

"Dáì ni. Dáì irùngbọ̀n ni."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn gbọ́. Ṣàíbù ní, "Dáì inú ìgò oògùn? Dáì tí wọ́n ń fi pamọ́ fún ìyàwó?" Láti ẹnu ọ̀nà ìta ni ohùn kan ti wá, ohùn èwe, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ pé ó ń ṣeré: "Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé táyà wá."

 Gbogbo agbo ilé mọ ohun tí táyà túmọ̀ sí. Kò sì sí ẹni tó sọ pé kó má lọ.

Mọ̀núrù kò wo Ṣàíbù mọ́. Jemilat ló ń wò. Kò bẹ̀ ẹ́, kò ké. Ó kàn ń wò ó, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ìyàwó rẹ̀ náà gba ohun tí wọ́n ń sọ gbọ́.

Ní àkókò yẹn ni ọ̀rọ̀ Dókítà Theodora padà sí Jemilat lọ́kàn, tí ó sì gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an: *nǹkan irùngbọ̀n*. Ó rìn kọjá láàárín wọn. Ìyá rẹ̀ di ìró rẹ̀ mú, ó já a gbà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àgbọ̀n ọkọ rẹ̀ sókè, ó sì fi ojú kan tó kù wo abẹ́ rẹ̀. Awọ ibẹ̀ ní àbàwọ́n bíi ti kòtò ilé ìwẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹni tó ń wo dígí kò lè rí, irun díẹ̀ wà tí búrọ́ọ̀ṣì kò dé. Funfun ni wọ́n, bí òwú.

"Òótọ́ ni," ó ní. "Bọ̀dá Ṣàíbù, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Dáì ni."

"Ó ti fi nǹkan dè ẹ́ lójú ni," Ṣàíbù dáhùn. "Yàgò."

"Mo ní dáì ni!"

Kò sẹ́ni tó gbọ́ tirẹ̀. Ọwọ́ tún ń lọ sí aṣọ Mọ̀núrù nígbà tí ọ̀pá kan lu ilẹ̀ gbà gbà. Bàbá Mùs'áb, tó dàgbà jù ní agbo ilé náà, ló ti yàrá rẹ̀ jáde. Arúgbó ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun balau dé àyà. Ó wo ìyẹ̀fun ilẹ̀, ó wo Ṣàíbù.

"Ẹ bu díẹ̀ níbẹ̀," ó ní. "Ẹ fi omi pò ó. Ẹ wá fi kùn mí ní irùngbọ̀n."

"Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o," àwọn obìnrin ké.

"Bó bá jẹ́ pé oògùn ni, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ lára mi. Ikú tèmi kò jìnnà mọ́ náà. Bí kò bá sì jẹ́ oògùn, ẹni tó lọ gbé táyà á gbé e padà."

Kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan ìyẹ̀fun náà. Mọ̀núrù fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ètè rẹ̀. Ó bu èyí tó kù nínú ìgò sínú ìdérí, ó fi omi sí i, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó sì kun irùngbọ̀n bàbá náà níwájú gbogbo wọn. Àwọ̀ ẹrẹ̀ lásán ló kọ́kọ́ ní. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin gáréèjì mí kanlẹ̀, ó ní, "Ṣẹ́ ẹ rí i? Kò dúdú." Mọ̀núrù ní kí wọ́n ní sùúrù. Bàbá Mùs'áb jókòó lórí àga, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ètè rẹ̀ ń ṣe tàsíbíì. Wọ́n ń dúró. Ẹnikẹ́ni kò jókòó, ẹnikẹ́ni kò lọ. Díẹ̀díẹ̀, ẹrẹ̀ náà ń ṣókùnkùn. Ó di àwọ̀ igi, ó di àwọ̀ èédú. Nígbà tí wọ́n da omi sí i, irùngbọ̀n arúgbó náà dúdú kirikiri bíi ti ọ̀dọ́kùnrin.

Ṣàíbù tú ọwọ́. Lẹ́nu ọ̀nà, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n lọ sí ọsibítù. Wọ́n gún Jemilat lábẹ́rẹ́, ìwú ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, Dókítà Theodora fi oríṣiríṣi nǹkan kékeré lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn kó lè mọ èyí tí ara rẹ̀ kọ̀: ọṣẹ, lọ́fíńdà, nǹkan tó wà nínú dáì náà. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ibi gbogbo dán, àfi ibi dáì nìkan tó wú tó sì pọ́n. Dókítà ní dáì tí kò ṣe ọkọ ní nǹkan lè ṣe ìyàwó tó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sún mọ́ ọn. Ó ní ìpara oníkẹ́míìsì ti ba awọ náà jẹ́ débi pé yóò pẹ́ kó tó padà sípò. Òótọ́ ló sọ. Ó pẹ́ gan-an.

Mọ̀núrù kò bá ìyàwó rẹ̀ jà. Ì bá sàn bó bá jà. Ó fá irùngbọ̀n rẹ̀ kanlẹ̀, ó sì ń sùn ní yàrá kejì. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, bí wọ́n ṣe jókòó tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, ó sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè.

"O gbà pé mo lè fi ẹ́ ṣe owó."

Jemilat kò purọ́. "Mo gbà. Ẹ̀rù bà mí."

"Irọ́ témi náà pa wà lára ohun tó fà á. Màámi ẹ ní àwọn kò ní fọmọ fún arúgbó. Mo ní mi ò tíì pé ogójì ọdún." Ó ju òkúta kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mo ti lé ní àádọ́ta kí n tó rí ẹ rárá. Nígbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi dáì kùn ún, mi ò rí bí mo ṣe fẹ́ dáwọ́ dúró."

"Ṣé ẹ rò pé màá lọ ni?"

"Mo rò bẹ́ẹ̀."

Jemilat ronú sí i. Ó bínú, ó sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò wá mọ èyí tí yóò ṣe. "Ẹ ì bá sọ fún mi," ó ní níkẹyìn. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ. Kì í ṣe ọjọ́ náà ló padà sí yàrá wọn, ṣùgbọ́n ó padà.

Ṣàíbù kò wá tọrọ àforíjì títí di òní. Ó rán ẹnì kan pẹ̀lú àpò ìrẹsì, Mọ̀núrù sì gbà á. Àwọn kan ní òpópónà ṣì ń kí i bí wọ́n ṣe ń kí i tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni Mọ̀núrù kì í dá lóhùn.

Àlímọ̀t pẹ́ kó tó wá. Nígbà tó dé, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ sí ojú fèrèsé, ó tú ìbòrí rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ibẹ̀ kò tíì rí bákan náà pẹ̀lú ìkejì, ṣùgbọ́n ó dán, ó tutù.

"Ṣé ó dá ẹ lójú pé dáì yẹn náà ni?" ó béèrè, ní ohùn ìsàlẹ̀.

"Ó dá mi lójú, Màámi."

Mọ̀núrù ti yàrá jáde wá kí i. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù padà, ó sì funfun láti etí dé etí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, mà."

Àlímọ̀t wo irun funfun náà. Ọkùnrin yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀, tó fi ìbòrí lọ́wọ́ tí kò tíì dá a padà sórí. Ó pẹ́ díẹ̀ tí ọkùnrin náà fi wà nílẹ̀.

"Dìde," ó ní níkẹyìn. "Ilẹ̀ tutù."